Ìléru Keje Ìlú Ìgbódò

Ògúnkẹ́yẹ̀ ni olórí àwọn tó ń yọ́ irin ní Ìgbódò, ìlú kan tí òkè yí ká bí ẹnu ìkòkò. Ìléru mẹ́fà ni wọ́n ní. Èéfín wọn kì í rọ́nà jáde, igbó ara òkè ló ń gbé e mì.

Ògúnkẹ́yẹ̀ fẹ́ kọ́ ìkeje fún ọmọ rẹ̀, Ògúntúàsé. Àwọn àna ti ní àwọn ò ní fọmọ fún ẹni tí kò ní ìléru.

Àṣà wọn ni pé ajere, ìkòkò oníhò, ló ń dájọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ihò ajere nigi, omi lèéfín; bí omi bá kún un, ìléru ti pọ̀ jù. Èèyàn mẹ́fà, ọ̀kan fún ìléru kọ̀ọ̀kan, jọ da omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Omi dé ìdajì, ó ń jò lọ. Ògúnkẹ́yẹ̀ fúnra rẹ̀ wá fi tiẹ̀ kún un. Omi gòkè díẹ̀, kò kún.

Ó ní, “Ẹ ò rí i? Díẹ̀ ló fi lé.”

Adúnọlá ìyàwó rẹ̀ ní, “Baálé mi, ẹ ò dí ihò kankan.”

“Kí n dí i ṣe kí ni?”

“Igi lẹ fi ń sun èédú. Èwo lọmọ yín fẹ́ fi dáná?”

Ọ̀kan nínú àwọn àna rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó olórí, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gba ìléru ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ògúnkẹ́yẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ó wojú àna, ó ní kí wọ́n kọ́ ìkeje.

Ògúntúàsé gbéyàwó, ó sì gé igbó ẹ̀gbẹ́ òkè kan tán. Nígbà tó fi máa bímọ, èéfín ti ń sùn sílùú. Ewé iṣu di dúdú. Àwọn arúgbó ń wúkọ́ kú. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọmọ tuntun náà ò lè mí dáadáa mọ́.

Ọba ní kí wọ́n wó ìkeje. Ògúnkẹ́yẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ wó o, ó jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń retí kí ojú ọ̀run là. Kò là. Mẹ́fà àtijọ́ náà ló kù, ṣùgbọ́n igi tó ń gbé èéfín wọn mì ti jóná sínú ìkeje.

“Adúnọlá, mẹ́fà náà mà ni.”

“Mẹ́fà ni, baálé mi. Igbó ńkọ́?”

Ọmọ náà kú kílẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.