Òòyà Tí Àwẹ̀ró Fi Pamọ́

Ìwọ̀n-lepo-ń-wọbẹ̀, awo inú ìkòkò.
Òjò-kan-kì-í-kún-odò, awo etí omi.
A-kì-í-fagbára-mú-irun-gbórí, awo àtàrí.
Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n dá Ifá fún Àwẹ̀ró, onídìrí ìlú Ìmọ̀jò, ní ọjọ́ tí irun iwájú orí rẹ̀ ń já lọ, tí ó ń wá ohun tí yóò dá a dúró.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Àwẹ̀ró ti ń dirun. Ṣùkú ni iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n. Ṣùkú rẹ̀ kì í tú kí oṣù kan tó pé, nítorí pé ó máa ń fà á le. Òòyà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni ó fi ń ya irun. Eyín òòyà náà gùn, ó sì mú. Irun tirẹ̀ gan-an ni ó máa ń jẹ́ kí wọ́n fà le jù, kí àwọn oníbàárà lè rí i.

Ó ti sin ọmọ méjì. Ẹ̀kẹta ni ó sọ ní Málọmọ́. Lẹ́yìn ìbí ọmọ náà ni irun iwájú orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ó sá sẹ́yìn láti etí kan dé èkejì. Awọ orí ń dán.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin tí ó jókòó síwájú rẹ̀ kí ó dirun fún un gbójú sókè wò ó.

Ó ní, "Ìyá Málọmọ́, ẹ rọra o. Ẹ má sọ orí wa di tiyín."

Àwọn tí ó kù rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ṣí gèlè níta mọ́. Ó tọ àwọn awo lọ.

Wọ́n ní ìpara kan wà. Wọ́n ní yóò ṣiṣẹ́. Àgbà inú wọn sọ fún un pé, "Máa ti ṣóńṣó ìyẹ́ adìẹ bọ inú rẹ̀, kí o fi pa orí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Jẹ́ kí ó gbẹ kí o tó pọn ọmọ. Irun tí ó kù yóò kọ́kọ́ já sí i, má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mọ̀ ọ́n láti òní pé ìpara yìí kò ní ọjọ́ ìparí. Ọjọ́ tí o bá fi í sílẹ̀, irun tí ó mú wá yóò bá a lọ."

Wọ́n ní kí ó fi adìẹ méjì rúbọ, àti òòyà.

Àwẹ̀ró béèrè pé, "Òòyà wo, Bàbá?"

"Èyí tí ń fa irun le."

Ó mú adìẹ méjì wá. Òòyà ìyá rẹ̀ ni kò lè mú wá. Ó lọ sọ́dọ̀ agbẹ́gi, ó ra tuntun tí kò tíì kan irun rí, ó fi sí àárín ẹbọ. Ó ní òòyà ni òòyà ń jẹ́. Ó fi ti ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ igbá. Awo kò bi í.

Ní oṣù àkọ́kọ́, irun rẹ̀ ń já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rántí ọ̀rọ̀ awo, ó fara dà á. Ní oṣù kẹrin, irun hù. Ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Àwẹ̀ró fọwọ́ kàn án, ó sunkún.

Ibẹ̀ ni ì bá ti dúró. Ṣùgbọ́n ó yọ òòyà ìyá rẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n fi di ṣùkú fún òun. Irun tuntun kò gba fífà. Ó já. Àwẹ̀ró fi kún ìpara. Nígbà tí ó tún já, ó tún fi kún un. Ó ju ìyẹ́ adìẹ nù, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìpara ń ṣàn dé ìpàkọ́ rẹ̀.

Orí ń yún un, awọ rẹ̀ sì ń bó. Bí ó bá jí, ojú rẹ̀ a wú. Bí ó bá dìde lójijì, òòyì a kọ́ ọ, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì. Irun hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó fá a. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń wò, kò sí ẹni tí ń wo àyà rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ọkọ rẹ̀ ń wẹ Málọmọ́.

Ó pè é pé, "Ìyàwó wa, wá wo nǹkan. Irun kí ni èyí lójú ọmọ? A kò ní irú èyí nílé wa o. Ṣé ẹ ní in nílé tiyín?"

Irun dúdú ti bo iwájú orí ọmọ náà dé ìpéǹpéjú. Ó pọ̀ jù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Àwẹ̀ró wò ó, ó sì fọwọ́ kan ìpàkọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù fún ìpara. Bí ó bá pọn Málọmọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni ọmọ náà máa ń fi ti ìpàkọ́ rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ kejì lé ọmọ láyà. Àyà náà ń lù kìkì bí tirẹ̀.

Ó fi ọṣẹ dúdú fọ orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di òòyà ìyá rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ. Ó ní kí ìyá ọkọ rẹ̀ pọn ọmọ. Wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ awo. Àgbà náà gbé etí lé àyà Málọmọ́, ó kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, òòyà wo ni o fi rúbọ?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Tuntun ni, Bàbá."

"Tuntun kò tíì pa ọ́ lára. Ewu wo ni ó fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àwẹ̀ró tú ìdí aṣọ, ó gbé òòyà ìyá rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n rú ẹbọ náà. Wọ́n ní kí ó fi ìpara sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi kúrò lẹ́yìn, kí ìyá ọkọ rẹ̀ sì máa pọ̀n ọ́n títí èyí tí ó ti wọ awọ rẹ̀ yóò fi tán. Ó ń gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kẹta, àyà ọmọ rọlẹ̀. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, irun ojú rẹ̀ ti re tán. Irun iwájú orí Àwẹ̀ró náà ń re lọ lákòókò kan náà. Ó ń dúpẹ́ fún ọ̀kan, ó ń sunkún èkejì.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsí òòyà náà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Àwọn kan ní, "Ṣùkú yín ti dẹ̀ o," wọ́n sì lọ. Bí ìyá kan bá mú ọmọ rẹ̀ wá, tí ó ní kí Àwẹ̀ró fà á dáadáa, Àwẹ̀ró a ṣí gèlè, a fi orí rẹ̀ hàn án. Àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ kì í lọ.

Nígbà tí Málọmọ́ ti ń rìn, tí ó kúrò lẹ́yìn, Àwẹ̀ró padà sí ìpara, ṣóńṣó ìyẹ́ adìẹ kan lójúmọ́. Irun hù, ṣùgbọ́n kò hù tán. Títí ó fi darúgbó ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àràárọ̀ ìgbà tí Málọmọ́ ṣì kéré, ọmọ náà a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ṣé ó ti gbẹ?"

"Kò tíì gbẹ. Dúró."

Ọmọ náà a dúró. Nígbà tí ó bá gbẹ, ìyá rẹ̀ a na ọwọ́ sí i.

Ifá ní ẹni tí a fún ní oògùn pẹ̀lú ìwọ̀n, kí ó mọ̀ pé ìwọ̀n náà wà lára oògùn. Ẹni tí a ní kí ó fi ohun tí ń pa á lára rúbọ, kí ó má fi èyí tí kò ṣe é ní nǹkan rọ́pò rẹ̀. Àwẹ̀ró rú àbọ̀, ìdààmú ni ó rí. Nígbà tí ó rú u pé, Málọmọ́ kò lọ.