Iṣẹ́ Tí Fadérera Kò Tètè Jẹ́

Àwọn kan á ní òwe tó parí ìtàn yìí ti wà kí ilé ìwòsàn tó dé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní agboolé àwọn ọlọ́ṣẹ ní Ìdí-Ọsàn, ọ̀dọ̀ Fadérera ni wọ́n gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì bá wọn jiyàn.

Àkọ́bí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló fẹ́ Fadérera. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ ń se ọṣẹ dúdú, wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, débi pé àlejò kì í mọ̀ pé kì í ṣe Ìyá ló bí i. Síbẹ̀, nínú ilé yẹn, ìyàwó kì í fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ burúkú ko ìyá ọkọ lójú.

Nígbà tí kókó kan yọ sí Ìyá lọ́mú, Fadérera ló mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ tí èsì dé, Ìyá ní ọṣẹ wà lórí iná, kí ìyàwó òun lọ gbà á wá. Dókítà rán an sí Ìyá pé jẹjẹrẹ ni, ó ṣì kéré, kí Ìyá tètè wá kí wọ́n gé e kúrò. Fadérera délé, ẹ̀rù bà á. Ó sọ fún Ìyá pé dókítà kí wọn, ó ní kí wọ́n máa sinmi.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, kókó náà ń le sí i. Fadérera padà lọ bẹ dókítà pé kó wá bá òun sọ ọ́. Dókítà fi í jókòó, ó ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì ló kún ara wa, tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, iṣẹ́ ni wọ́n sì ń rán síra wọn. Iṣẹ́ kan ń sọ pé kí wọ́n pín, kí wọ́n pọ̀ sí i. Òmíràn ń sọ pé ó tó.

"Bí ẹni tó ń kígbe pé kí wọ́n pọ̀ sí i kò bá panu mọ́," ni dókítà wí, "tí ẹni tó gbé iṣẹ́ 'ó tó' sì dákẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú kò ní mọ̀. Wọn á máa pín lọ títí wọn á fi di kókó."

Dókítà kò bá a wí rárá, ṣùgbọ́n ojú ti Fadérera. Ó mọ ẹni tó dákẹ́ lójú ọ̀nà.

Ó délé, ó kúnlẹ̀ nídìí ìkòkò ọṣẹ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ìyá fa igi iná sẹ́yìn.

"Ìyàwó mi, èmi tí a jọ ń jẹun ni o wá ń bẹ̀rù, o ò bẹ̀rù ẹni tó rán ọ?"

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Inú ò bí mi. Dìde, bá mi mú ìró tó mọ́, ká lọ bá dókítà."

Wọ́n gé kókó náà kó tó ràn káàkiri. Ara Ìyá le, ó padà sídìí ọṣẹ, kò sì sí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ nínú ilé tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ Fadérera ṣẹ̀fẹ̀ fún. Fadérera náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.