Adéòtí àti Àwọn Olùdíje Tó Jọra Wọn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ìyanu tó korò ju ewúro lọ.

Ní ìlú Òkè-Ìsun, àpáta ńlá kan ya lulẹ̀, ó sì dí ojú omi kan ṣoṣo tí wọ́n ń mu. Ẹrẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń mu, wọ́n sì ń kú bí ewé inú ẹ̀ẹ̀rùn. Adéòtí amọ̀kòkò, obìnrin gíga bí ọ̀pẹ, akọni tí kì í kẹ̀yìn sí ìjà, ti sin Ìbídùn àkọ́bí rẹ̀. Ọba gbogbo ilẹ̀ náà nìkan ló ní agbára tó lè gbé àpáta ọ̀hún, wọ́n sì fẹ́ yan ọba tuntun ní Gbàgede Ọ̀rọ̀, tó wà lẹ́yìn igbó àwọn iwin.

Baba Olúkòtún, àgbà ìlú, fi òkúta ìbò lé Adéòtí lọ́wọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹyọ kan la ní. Ẹni tí yóò ṣí ìsun wa ni kí o fún.”

Adéòtí wọ Igbó Ariwo, igbó àwọn iwin náà, níbi tí ewé ti ń ṣèlérí fún èrò ọ̀nà títí wọn yóò fi ṣìnà. Iwin kan tí orí rẹ̀ jẹ́ kìkì ẹnu dí i lọ́nà. Adéòtí fi amọ̀ dí etí, ó gbé e ṣánlẹ̀, ó sì kọjá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára.

Nígbà tó dé gbàgede, Ọ̀rọ̀dùn àti Ẹnudùn, àwọn olùdíje méjì, ń jiyàn lórí pèpéle. Ọ̀rọ̀dùn ní fìlà ẹnìkejì òun wọ́. Ẹnudùn ní baba Ọ̀rọ̀dùn kò mọ ijó jó. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Adéòtí dìde.

“Ẹ̀yin ọlọ́lá, àpáta dí omi wa, àwọn ọmọ wa ń kú. Kí ni ẹ ó ṣe sí i?”

“Omi yóò ṣàn, ìyá mi, bí ẹ bá yàn mí,” ni Ọ̀rọ̀dùn wí.

“Omi yóò ṣàn, ìyá mi, bí ẹ bá yàn mí,” ni Ẹnudùn náà wí.

Adéòtí sún mọ́ wọn, ó wò wọ́n dáadáa: imú kan náà, ẹ̀rín kan náà, bí ìkòkò méjì tí a fi amọ̀ kan mọ. Ó yíjú sí arúgbó iwin tó ń ṣọ́ igbá ìbò àwọn méjèèjì.

“Baba, èwo ló sàn nínú wọn?”

“Kò sí. Ọjọ́ tí a ń ṣa olùdíje, àwọn olóòótọ́ wà níbẹ̀. A ránṣẹ́ sí ìlú yín, ẹ ò wá.”

Adéòtí rántí. Ọjọ́ ọdún ìlú ni, àwọn ará ìlú ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni ṣíṣa olùdíje, òun náà sì wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

“Bí mo bá mú òkúta mi padà ńkọ́?”

“Ọ̀kan nínú wọn yóò ṣáà jọba.”

Adéòtí sọ òkúta náà sínú igbá tó sún mọ́ ọn jù, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó délé, Baba Olúkòtún bi í pé, “Ta lo yàn?”

“Èyí tó sún mọ́ mi ni, Baba.”

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ọ̀rọ̀dùn jọba, àpáta kò kúrò, wọ́n sì sin ọmọ mìíràn. Nígbà tí ọjọ́ ìṣàyàn olùdíje tún pé, Adéòtí nìkan ló di ẹrù láti lọ síbẹ̀. Àwọn yòókù ní òfo ni ìrìn náà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọjọ́ ìbò kọ́ ni ìbò ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò yọjú síbi tí a ti ń ṣa irúgbìn, ohun tó bá hù lóko ni yóò jẹ.