Ewúrẹ́ Ìyá Sàrátù àti Ọkọ̀ Pupa Tìámíyù

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé yìí, mo kí yín o. Ọmọdé inú yín á dàgbà, àgbà inú yín ò ní ṣàìsàn. Ìtàn tòní kì í ṣe àlọ́. Ìṣojú mi ló ṣe, níwájú ìsọ̀ tí mo ti ń lẹ táyà ní Ìta-Ọ̀pẹ, nílùú Ẹjìgbò.

Ládùúgbò wa, òwe kan wà tá a máa ń pa: "Ewúrẹ́ kì í lá ilẹ̀ lásán." Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pa á, wọ́n sì rò pé àtayébáyé ni. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Abẹ́ mọ́tò ló ti wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé Àbìjàn lọ̀nà oko àwa ará Ẹjìgbò. Tìámíyù náà lọ, ó ṣe ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Nígbà tó máa padà wálé pátápátá, ó gbé ọkọ̀ kan dé. Ọkọ̀ eré ni, ó pupa fòò, ẹni méjì péré ló ń gbà. Ó rẹlẹ̀ débi pé bí Tìámíyù bá fẹ́ jáde, á kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ kan síta, á wá máa wojú ẹni tó máa fà á lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sí níwájú bíi tàwọn ọkọ̀ tá a mọ̀, ẹ̀yìn ìjókòó ló wà. Ẹ wò ó, ọkọ̀ yẹn wù mí. Bó bá ń kọjá, mo máa ń gbé táyà ọwọ́ mi kalẹ̀ kí n lè wò ó.

Kò pé oṣù méjì tó dé tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ló ń dín. Kì í sì í ṣe omi kànga o. Omi aláwọ̀ ewé kan báyìí ni, kúláǹtì ni wọ́n ń pè é, inú kẹ́ẹ̀gì ni Tìámíyù ti ń rà á. Wọ́n á bù ú kún láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti fà. Kọlápọ̀ mẹkáníìkì, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò. Ó ní rédíétọ̀ ni. Wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀, omi ṣì ń dín. Ó ní páńpù tó ń ti omi kiri ni. Láti Kútọnu ni wọ́n ti kó páńpù wá, owó rẹ̀ ì bá ra alùpùpù tuntun. Omi ṣì ń dín. Ni Kọlápọ̀ bá nu ọwọ́, ó ní:

"Ọ̀gá, inú ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló ń mu ún. Ó di Èkó, kí wọ́n lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n tú u."

Owó tí wọ́n bù lé e l'Ékòó, Tìámíyù ò ní in mọ́. Oko obì bàbá rẹ̀ ló kù. Ibẹ̀ sì ni ìyá tó bí i ti ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wá oníbàárà tó máa ra oko náà, ẹni náà sì ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán.

Ẹ jẹ́ n wá mú yín dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́. Ìyá Sàrátù, opó kan tó ń ta ẹ̀pà sísun, ilé rẹ̀ fara ti ti Tìámíyù, àwọn méjèèjì sì kọjú sí ìsọ̀ wa. Ó ní abo ewúrẹ́ kan ṣoṣo, dúdú, oyún sì wà nínú rẹ̀. Bí Tìámíyù bá ti gbé ọkọ̀ dé tó sì pa á, ewúrẹ́ yìí á fi èèpo iṣu sílẹ̀, á fi abọ́ omi rẹ̀ sílẹ̀, á ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀, á máa lá ilẹ̀. Ibì kan náà ló ń lá lójoojúmọ́. Tìámíyù á sọ sálúbàtà lù ú.

Lọ́jọ́ kan ó pariwo mọ́ ìyá náà. "Ìyá, ẹ so ẹran yín mọ́lẹ̀ o! Ìwo rẹ̀ fẹ́ ha ọ̀dà ọkọ̀ mi."

Ìyá Sàrátù ní, "Tìámíyù, ewúrẹ́ mi kì í lá ilẹ̀ lásán. Bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ."

Kọlápọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ewúrẹ́ yín ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni?"

"Kò kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó láhọ́n."

Èmi gan-an, ẹnu mi ò gbélé. Mo ní, "Ìyá, omi éésì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nínú ọkọ̀ ló ń kán síbẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ló ń tọ̀ ọ́."

Ó yíjú sí mi. "Omi éésì yín ló wá dùn ju omi inú abọ́ lọ?"

A kàn ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà oko ń bọ̀, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Lọ́jọ́ kejì kò lè dìde mọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kú, tòun ti oyún inú rẹ̀.

Ìyá Sàrátù gbé e sínú bárò, ó tì í wá síwájú ọkọ̀ pupa, níbi tí Tìámíyù àti Kọlápọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa fà á dé Èkó. Mo rò pé á ṣépè. Kò ṣépè. Ó ní, "Ẹ wá wo ẹni tó ń bá yín wá ibi tí ọkọ̀ ti ń jò."

Tìámíyù ní, "Ìyá, ẹ má bínú, màá sanwó..."

"Ṣé owó ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ ni? Mo ní kí o wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ."

Kọlápọ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìyá, ibo gan-an ló máa ń lá?"

Ìyá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa ilẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ gan-an. Ẹ́ńjìnnì ò sí níbẹ̀, rédíétọ̀ ò sí níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi bo abẹ́ ibẹ̀, Kọlápọ̀ ò sì tú u rí. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó tú u. Páìpù gígùn tó ń gbé omi láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ló bá níbẹ̀. Ibi tí páìpù méjì ti so pọ̀, irin tó dè é ti dípẹtà, omi aláwọ̀ ewé ń kán tò, tò, tò. Omi éésì ń kán nítòsí ibẹ̀, ìyẹn ló bò ó lójú wa. Èyí tó bá sì kán sílẹ̀, ewúrẹ́ ti lá a mọ́.

Kọlápọ̀ ò tètè jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ó dá mi lójú pé ojú ló ń tì í.

Irin kékeré kan àti rọ́bà tí ò gùn ju ìka mi yìí lọ ni wọ́n fi tún un ṣe. Owó rẹ̀ ò tó ra àkùkọ. Ẹnì kan ti ń pọ́n ọ̀bẹ nítorí ẹran òkú yẹn, ṣùgbọ́n Kọlápọ̀ ní oró ni omi aláwọ̀ ewé náà, bó ti wù kó dùn tó, òun ló pa á. Tìámíyù fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ó sin ewúrẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, oníbàárà dé, Tìámíyù ní kó má bínú, oko kì í ṣe títà mọ́. Ó ra ewúrẹ́ méjì fún Ìyá Sàrátù. Ìyá dá ọ̀kan padà, ó ní ọ̀kan ló jẹ òun. Èyí tó gbà, ó sọ ọ́ ní Mẹkáníìkì. Bó bá ti ń pè é wá jẹ èèpo iṣu nírọ̀lẹ́, Kọlápọ̀ á kàn sorí kodò.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń sá lọ sílé kan ṣáá, tàbí tí ẹnì kan tá ò kà sí bá ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan tá a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, àgbà Ìta-Ọ̀pẹ á ní, "Ewúrẹ́ kì í lá ilẹ̀ lásán." Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kó o tó sọ sálúbàtà, bẹ̀rẹ̀ kó o wo ohun tí ewúrẹ́ rí. Tiyín ńkọ́? Bí òwe kan bá wà ládùúgbò yín tí ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, tí ẹ sì mọ ohun tó pàdánù kó tó di òwe, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ mi á kà á fún mi, mo ti ń retí.