Ọkùnrin Tí Ó Sọ Àbámẹ́ta Di Ẹtì

Ọkùnrin kan wà tí ó gbọ́ èdè C. Èdè C kì í ṣe èdè tí ènìyàn fi ń kí ara wọn. Èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni. Inú yàrá ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, ojú kan náà ló sì ń jókòó sí láti àárọ̀. Nígbà tí ó lọ tọrọ ìyàwó, bàbá ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ rẹ náà nìyẹn, kí o máa bá àpótí sọ̀rọ̀?" Ó pẹ́ kí bàbá yìí tó gbà. Nígbà tí ó sì gbà, ó gbà bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì.

Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti ń wá ohun tí yóò fi tẹ́ àna rẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó ní ọ̀nà ti là. Òun yóò kọ ètò kan tí yóò máa fi ọjọ́ ìnáwó ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo ẹbí, ní Yorùbá tó já gaara, kí bàbá ìyàwó òun lè rí i pé àpótí náà wúlò.

Ó yẹ kí o mọ bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kò mọ Ajé, kò mọ Ìṣẹ́gun. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Bí o bá bi í pé ọjọ́ wo lòní, nọ́ńbà ni yóò gbé fún ọ. Ẹni tó ń kọ ètò ni yóò sọ nọ́ńbà náà di ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà. Ọkùnrin náà wá to orúkọ ọjọ́ méjèèje sílẹ̀ fún un. Ó fi Àìkú sí ipò kìíní, ó fi Ajé sí ipò kejì, ó ń tò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan Àbámẹ́ta ní ipò keje. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Nílé wọn, bí wọ́n bá bí ọmọ lónìí, òní ni ọjọ́ kìíní rẹ̀. Orí òní ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ìka, títí yóò fi di ọjọ́ kẹjọ tí wọn yóò sọ ọ́ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n bí èdè C tilẹ̀ ń ka ọjọ́ oṣù láti orí ọ̀kan, kì í ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tirẹ̀, Àìkú ni òdo, Ajé ni ọ̀kan, Àbámẹ́ta sì ni ẹẹ́fà. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ní ẹẹ́fà, tí Àbámẹ́ta sì wà lọ́kàn rẹ̀, ètò ọkùnrin yìí yóò lọ wo ipò kẹfà, yóò sì kọ Ẹtì.

Ó dán ètò náà wò o. Àmì ohùn ló gbájú mọ́. Ó wò ó bóyá àmì tó wà lórí Ọjọ́bọ̀ pé, bóyá Àbámẹ́ta kò ṣaláìní tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé bí ó bá di Àìkú, ẹ̀rọ náà kì í kọ orúkọ ọjọ́ kankan. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ń sinmi ni."

Ìyàwó bí ọmọbìnrin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀rọ ka ọjọ́ náà pé, ó kà á dé Àbámẹ́ta kejì, ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé: Ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí, aago méje àárọ̀. Ìdùnnú kò jẹ́ kí bàbá ọmọ tún un kà. Ọjọ́ kọkànlá ni Ẹtì bọ́ sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo kàlẹ́ńdà. Ẹbí ọkọ di nọ́ńbà mú. Ẹbí ìyàwó di orúkọ ọjọ́ mú.

Bàbá ìyàwó tilẹ̀ ṣẹ́ ìka. Ó rí i pé ọjọ́ keje ni Ẹtì yóò jẹ́, ó sì ṣe háà. Ó sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé, "Láyé àwọn bàbá wa, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ obìnrin lórúkọ. Ọkọ ọmọ mi mà mọ àṣà o! Mo ti ṣì í mú." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa yìn ín.

Ní àárọ̀ Ẹtì, ọkùnrin náà ń fọ aṣọ ọmọ lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i. Bàbá ìyàwó ló rí nínú agbádá, àti àbúrò bàbá náà obìnrin tó gbé ìgò oyin dání, àti àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ tọṣẹtọṣẹ.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé kò sí o?"

"Ṣé kò sí kẹ̀?" Bàbá wo ṣòkòtò péńpé tó wà nídìí rẹ̀. "Aṣọ tí ẹ fi ń sọmọ lórúkọ níbí nìyí?"

"Ọ̀la ni, Bàbá."

Bàbá na fóònù sí i. "Ka ibí yìí sí mi létí."

Ọkùnrin náà kà á. Bí ó ti ń kà á ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

"Ẹtì ló wà níbẹ̀ àbí kì í ṣe Ẹtì?"

"Ẹtì ni, sà. Ẹ̀rọ yẹn ni, Bàbá. Orí òdo ló ti ń ka nǹkan."

"Òdo?" Bàbá yíjú sí àwọn tó bá a wá. "Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Ìyàwó rẹ ni àkọ́bí. Ṣé òun wá ni òdo?"

"Yéè!" obìnrin olóyin pariwo. "Ó ní òdo ni ọmọ wa o!"

"Èmi tí mò ń yìn ọ́ kiri pé o mọ àṣà," ni Bàbá wí. "Àṣé àpótí ló ṣìnà. Ẹ gbé oyin yẹn, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ má sì retí mi lọ́la."

Ọkùnrin náà mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bàbá yìí bá fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ òun kò ní bàbá àgbà mọ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde láti inú yàrá, ó gbé ọmọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá kò lè lọ mọ́. Kò sí ẹni tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ.

"Bàbá mi, ọmọ ọdún mélòó lẹ gbé dání yẹn?"

"Ọdún wo? Ọmọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bí?"

"Ọdún mélòó ni, Bàbá?"

"Kò tíì ní ọdún kankan."

"Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ọkọ mi ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń ka ọjọ́ ọmọ, ẹ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Bí ẹ bá ń ka ọdún rẹ̀, orí òdo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ń ka méjèèjì. Ẹni tí mo fẹ́ ni kò bèèrè èyí tí àpótí rẹ̀ ń kà."

Bàbá wo ojú ọmọ náà títí. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín sì bú jáde. "Ìwọ gan-an wá ni òdo," ni ó wí fún ọmọ náà. Ó bọ́ agbádá, ó sì bèèrè oúnjẹ.

Ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Nígbà tí ẹbí ọkọ dé ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, bàbá ìyàwó ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí wọn: "Ẹ̀yin apẹ́lẹ́yìn, ẹ wọlé. Àná la ti ń retí yín." Wọ́n fún ọmọ lórúkọ tó dára, ṣùgbọ́n Òdo ni bàbá àgbà ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà gbé Àìkú lọ sí ipò òdo tó ti ṣófo tẹ́lẹ̀, àwọn ọjọ́ yòókù sì tẹ̀ lé e. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti dẹ́kun ìsinmi.

Àbúrò mi, ìwọ ni mo ń bá wí. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ ti pa ọ́ tì, ọjọ́ tí o pè é tí kò gbé fóònù lo sì ti ń kà á. Ṣé o mọ̀ bóyá ìgbà tí ó dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn tí kò rí ọ lòun ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀? Kò sí òpùrọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Má fi iṣẹ́ rán ẹnikẹ́ni sí i, má sì to ẹ̀sùn rẹ sílẹ̀ kí o tó débẹ̀. Lọ bá a, kí o bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?" Àbámẹ́ta ló máa ń wà nílé. Jọ̀ọ́, wo kàlẹ́ńdà kí o tó gbéra.