Afẹ́fẹ́ Ló Ń Sọ Aṣọ Tó Mu Aró

Bí àwọn àgbà ìlú wa bá gbọ́ tí ẹnìkan ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi kó tó dán ara rẹ̀ wò, wọn a ní, “Afẹ́fẹ́ ló ń sọ aṣọ tó mu aró.” Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ a máa ṣe kàyéfì: kí ló kan afẹ́fẹ́ nínú ọ̀ràn aró? Ṣebí inú ìkòkò la ti ń rẹ aṣọ?

Àyọ̀ká aláró ló bí òwe náà, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó gba Olúwa gbọ́ tọkàntọkàn, ó sì ń fẹ́ ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àlùfáà ń gba ìlú náà kọjá, ẹni tí kò bá sì lè dá ìbéèrè ìgbàgbọ́ lóhùn láìwo ìwé, yóò dúró di ọdún mìíràn. Ọdún mìíràn sì jìnnà sí arúgbó.

Bí Tíṣà Ládìpọ̀, tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, bá ti ka ìdáhùn kan tán lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn ọ̀dọ́ a gbà á lẹ́nu rẹ̀ wàrà. Àyọ̀ká a la ẹnu, ọ̀rọ̀ a sá. “Agbọ̀n ni orí mi,” ni ó ń wí lọ́kàn, “kò gba omi dúró.”

Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Tíṣà wá a dé ẹ̀yìnkùlé, ó bá a nídìí ìkòkò aró.

“Ìyá, a ò rí yín.”

“Tíṣà, yọ mí kúrò nínú wọn. Orí àgbà ò gba ẹ̀kọ́. Ìtìjú yẹn tó gẹ́ẹ́.”

Ó fa aṣọ kan jáde nínú ìkòkò bó ti ń sọ̀rọ̀. Tíṣà wò ó: àwọ̀ ewé ni, kò dúdú rárá.

“Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Aró yín ti bàjẹ́.”

Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. “Ìwé nìkan lo mọ̀, ọmọ mi! Ta ló ń dá aṣọ lẹ́jọ́ lẹ́nu ìkòkò? Jókòó. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ aṣọ tó mu aró.”

Ó sá a sórí okùn. Bí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i ni àwọ̀ ewé náà ń ṣókùnkùn, títí ó fi dúdú bí kóró iṣin.

Tíṣà fọwọ́ kan etí aṣọ náà, ó ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ̀yin ń dá orí yín lẹ́jọ́ lẹ́nu ìkòkò? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yára dáhùn yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ti gbàgbé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ̀yin, ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín látọjọ́ tí ẹ ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà. Kí ni omi ìrìbọmi ń sọ nípa ẹni tó wọ inú rẹ̀?”

Àyọ̀ká pa ojú dé. Ọ̀rọ̀ rọra ń bọ̀. “Pé ó fi ayé àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú omi, ó sì bá Olúwa jáde ní ẹni tuntun.” Ó la ojú. “Háà! Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Ẹ̀yin ni.”

Ó dáhùn ìbéèrè kejì. Ní ẹ̀kẹta, ó ṣìnà, ojú rẹ̀ sì fà ro. “O ò rí i?”

“Aṣọ tí kò dúdú tó ńkọ́, ṣé ẹ máa ń jù ú nù ni?”

“Ká má rí i! Mo máa ń tún un rì bọ aró ni.”

“Ó dáa, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká tún un rì.”

Nígbà tí àlùfáà dé, Àyọ̀ká dúró níwájú ìjọ, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Kò yára, ṣùgbọ́n kò ṣìnà. Ó wọ odò, ó sì jáde, omi ń ro lára rẹ̀, ó ń fi ìyìn fún Ọlọ́run tí kì í bi ènìyàn ní ọjọ́ orí kó tó kọ́ ọ.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí arúgbó kan bá ní orí òun ti gbó, òun ò lè mọ nǹkan tuntun mọ́, a óò ní kó mú sùúrù, kó dán an wò ná: afẹ́fẹ́ ló ń sọ aṣọ tó mu aró.