Pẹ̀lẹ́ Tó Ṣáájú Ìṣubú

Ọkùnrin kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí iṣẹ́. Rédíò títúnṣe ló kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ilé tí kì í fúnra rẹ̀ tún ṣe. Bí páànù bá jò, òun ni yóò gun orí ilé. Bí ilẹ̀kùn bá ń ha ilẹ̀, òun ni yóò fá ìdí rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Jókòó dáadáa kí o gbọ́ ọ délẹ̀, nítorí ìwọ ni mo ń sọ ọ́ fún.

Ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń gbé, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ arúgbó. Ẹsẹ̀ ìyá náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Orí ẹní ló máa ń wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ìgbàkigbà tó bá sì fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni yóò gbé e kọjá àgbàlá, ìbáà ṣe nínú òjò. Ojú ń ti ìyá. Ó ń dun ọmọ. Ọmọ wá pinnu pé òun yóò kọ́ yàrá kékeré kan àti ilé ìwẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilé, òun yóò sì la ilẹ̀kùn láti yàrá ìyá òun bọ́ síbẹ̀. Èrò rere ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n pe bíríkìlà. Ó ní rárá. Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kò ká owó bíríkìlà. Ohun tó wù ú ni kí ìyá rẹ̀ lè máa sọ fún àlejò pé ọmọ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ìfẹ́ ìyá ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ìyìn ti jókòó tì í láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ó po yẹ̀pẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Bíríkìlà a máa to ìlà bulọ́ọ̀kù mélòó kan lóòjọ́, a sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ kó tó tún tò lé e. Ọkùnrin yìí to ògiri kan dókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ògiri náà ti yọkùn bí aláboyún. Ó wó o, ó tún un tò, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko ni ilé rẹ̀ wà. O sì mọ ìṣe wa: a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" "Ilé á tù yín lára o!" "Ẹ ó gbébẹ̀ pẹ́ o!" Bí wọ́n ṣe ń kí i ni orí rẹ̀ ń wú. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ pé gbogbo ìlú ló ń yin iṣẹ́ òun.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Wọ́n kí yín ni, wọn ò yìn yín. Lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń wó ògiri tó yọkùn ńkọ́, ṣé wọn ò kí yín kú iṣẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bu òkèlè.

Bàbá arúgbó kan ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, iṣẹ́ bíríkìlà ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ, ọ̀pá ló fi ń rìn. Lọ́jọ́ kan ó rọra sọdá. Kò kí ọkùnrin náà kú iṣẹ́. Ó wọ yàrá, ó kí ìyá arúgbó, ó wá dúró ti ògiri tí ọkùnrin náà ti fi èédú fa àmì ilẹ̀kùn sí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó fi ìka kàn án, ó tẹ́tí sí i. Ó wá yíjú padà.

"Pẹ̀lẹ́ o," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà gún ọkùnrin yìí lára. Ẹni tó kọsẹ̀ là ń kí ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ṣubú, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i pé mo ṣubú ni?"

"O ò tíì ṣubú."

"Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èwo ni tiyín?"

Bàbá náà la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti kẹ̀yìn sí i, ó ń ṣa irin iṣẹ́ rẹ̀ jọ. Bàbá pa ẹnu dé. Wọn kò bi í, kò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé iṣẹ́ lòun ń wá. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí ọjà, ọkùnrin náà gun àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ilẹ̀kùn. Ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ó rò ó, ó sì ní iṣẹ́ wákàtí kan péré ni. Aṣọ ló fi bò ó lórí nítorí eruku. Ó fi òòlù lu irin, ó tún lù ú. Sìmẹ́ńtì ojú ògiri bó sílẹ̀ pẹlẹbẹ, bí èèpo. Amọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Amọ̀ pupa, pẹ̀lú koríko gbígbẹ nínú rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, dídán ló ti mọ ògiri náà sí; bulọ́ọ̀kù ló rò pé ó wà níbẹ̀. Lórí amọ̀ yìí sì ni àwọn igi àgbọn tó ru àjà gbé orí lé, àjà ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ lórí kí iná má baà ràn án. Ẹrù ńlá ni. Ó wò ó, ó fi òòlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó ń rò ó bóyá kóun sọ̀kalẹ̀.

Ẹnìkan ń kọjá lójú ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọwọ́ á ròkè o!"

Ìkíni yẹn ló tún gbé òòlù náà sókè.

Kò tíì lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí ìlà kan fi yọ ní igun, tín-ín-rín bí òwú. Ó ń gun òkè lọ. Erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí aṣọ tó fi bo ìyá rẹ̀. Ìyá ká aṣọ kúrò lójú, ó gbójú sókè.

"Àjàgbé ọmọ mi," ó ní, "ilé ń sọ̀rọ̀."

Igi àgbọn kan ké. Kí ọkùnrin náà tó mọ ohun tó ń ṣe, òòlù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ki èjìká bọ abẹ́ igi náà. Ó gbà á dúró. Ṣùgbọ́n wo ibi tó bá ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ àjà náà, kò lè rìn. Bí ó bá yọ èjìká láti lọ gbé e, àjà á já lé e lórí. Bí kò bá sì yọ ọ́, kò sí bí yóò ṣe gbé e. Ẹ̀rù bà á gidigidi, irú èyí tí kò bà á rí láti kékeré.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Igi ti tẹ àyà rẹ̀ pa, ohùn rẹ̀ kò lè ròkè. "Ẹ wọlé o," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

"A ó padà yà o! Ẹ ṣeun o!" Ẹni náà kọjá lọ.

Ẹlòmíràn tún dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Ó dàbọ̀ o, ilé á tura o!" Òun náà lọ.

Má bínú sí wọn. Ta ló ń ka "ẹ wọlé" sí lẹ́nu ẹni tó ń ṣiṣẹ́? Wọ́n rò pé ọmọlúàbí ló ń ṣe ni. Ìyá rẹ̀ ń fi ìgúnpá wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó wọ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó sinmi, kò sì lè wọ́ mọ́. Ó ní kí ọmọ òun fi òun sílẹ̀ kó sá. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

Bàbá arúgbó àná wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ti ń gbọ́ òòlù náà láti àárọ̀. Bíríkìlà mọ ìyàtọ̀ láàárín òòlù tí wọ́n gbé kalẹ̀ àti òòlù tó já bọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò pe ẹnikẹ́ni; ó dìde. Ọkùnrin náà ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ bó ṣe ń sọdá, kọ́, kọ́, kọ́, ó dà bíi pé kò ní dé láéláé. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Pẹ̀lẹ́ o," ló wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ gba ìyá mi."

Ẹsẹ̀ bàbá náà kò ṣeé fi bẹ̀rẹ̀. Ó ju ọ̀pá nù, ó jókòó sílẹ̀, ó di etí ẹní mú, ó sì ń fi ìdí wọ́ sẹ́yìn, ó ń fa ẹní náà tìyátìyá. Ó fà á, ó mí. Ó fà á, ó mí. Ìlà ara ògiri ti gba ìka. Nígbà tí ìyá kọjá ẹnu ọ̀nà tán, bàbá náà sọ̀rọ̀ sókè láti pálọ̀.

"Ó ku ìwọ. Má fò o. Rọra tẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀, kí o wá bọ́ síwájú."

Ọkùnrin náà tẹ̀. Igi náà ń tẹ̀lé èjìká rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ju ara rẹ̀ sí pálọ̀, àjà sì wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, òkìtì amọ̀ ló wà níbi tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí láàárọ̀.

Bàbá náà ní, "Èmi ni mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri yẹn fún bàbá rẹ. Wọn ò tíì bí ọ. Amọ̀ ni mo bá níbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ní, "Èmi náà mọ̀. Mo ṣe bí o mọ̀ ni. O ò bi mí."

Ariwo náà ti kó èrò jọ. Àwọn tó kọjá láàárọ̀ padà yà lóòótọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ kú ewu o!" Pẹ̀lẹ́ pọ̀ nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn, ó kún dé ojú ọ̀nà. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó gbé igi kan dúró.

Ó yá, ìwọ tí o jókòó síwájú mi. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi ọ́ ṣe olórí ẹbí. O ti pàṣẹ pé kí opó tí àbúrò rẹ fi sílẹ̀ kó jáde kúrò nínú agbo ilé, kí o lè fẹ iyàrá rẹ lójú. O sọ ọ́ nípàdé, gbogbo ẹbí kí ọ kú iṣẹ́ àgbà. Ìyàwó rẹ nìkan ló ní, "Ẹ rọra." Nítorí ìyẹn, ọjọ́ kẹta rèé tí o kò jẹ oúnjẹ rẹ̀, o wá jókòó sọ́dọ̀ mi, ò ń bi mí bóyá "ẹ rọra" tirẹ̀, akọ ni tàbí abo.

Èmi kọ́ ló yẹ kí o bi. Bi òun. Bi í pé kí ló gbọ́ nígbà tó fi ìka kan ògiri tìrẹ, bíi bàbá yẹn. Òun ló ń bá opó náà jókòó nínú ilé ìdáná; ó lè mọ ohun tí obìnrin yẹn gbé ró nínú agbo ilé yín, tí ojú tìrẹ kò tó. Pẹ̀lẹ́ tó ń tẹ̀lé ìṣubú, gbogbo ìlú ló ní in. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé e wá, bí o bá sì kẹ̀yìn sí i, ó lè máà tún un sọ.

Dìde, máa lọ sílé. N kò fẹ́ wá kí ọ kú ewu. Òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.